Ejò ń wọ ọgbà wa látìgbà tójò ti bẹ̀rẹ̀, ọmọ kékeré wà nílé, ẹ gbà wá nímọ̀ràn

ÌyáÌrètí_Ọ̀fadà:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará, ìmọ̀ràn ni mo wá gbà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá mi lóhùn kíákíá. Ilé tuntun la kó sí lẹ́bàá Ọ̀fadà, ilé ò tíì pọ̀ ládùúgbò yẹn, ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa igbó ni, ẹni tó ni ín wà lókè òkun, ẹ̀yìnkùlé wa sì rẹlẹ̀ díẹ̀, tójò bá ti rọ̀ omi á dúró síbẹ̀, ọ̀pọ̀lọ́ á wá máa ké mọ́jú. Látìgbà tójò ọdún yìí ti bẹ̀rẹ̀ la ti ń rí ejò. Èyí tá a kọ́kọ́ rí ò tóbi, ọkọ mi pa á. Àmọ́ lánàá mo lọ mú nǹkan lẹ́yìn kíṣìnnì níbi tá a kó búlọ́ọ̀kù tó ṣẹ́kù jọ sí, nǹkan dúdú kan kàn nàró níwájú mi, ọrùn ẹ̀ fẹ̀, gbogbo ara ẹ̀ dúdú àmọ́ abẹ́ ọrùn ẹ̀ ní àmì pupa. Mo pariwo mo sá wọlé, kí àwọn ará ilé tó jáde kò sí níbẹ̀ mọ́, a ò mọ ibi tó gbà.

Ọmọ ọdún méjì ló wà lọ́wọ́ mi tó ń rìn káàkiri, ìyá ọkọ mi náà wà lọ́dọ̀ wa, mọ́mì ò sì ríran dáadáa mọ́. Mi ò rí oorun sùn lóru àná. Ẹnì kan ní ká da kẹrosíìnì yí ilé ká, òmíì ní káfúrà, òmíì ní Sniper tí wọ́n fi ń pa kòkòrò. Èwo ló ń ṣiṣẹ́ nínú wọn? Àti pé, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ o, tó bá bu èèyàn jẹ, kí la máa kọ́kọ́ ṣe?

Ṣọjí_Ṣágámù:
Pẹ̀lẹ́ mà. Iyọ̀ àti imí ọjọ́ ni kẹ́ ẹ pò pọ̀ kẹ́ ẹ wọ́n yí ilé ká, kẹ́ ẹ wá da kẹrosíìnì sẹ́nu ọ̀nà. Ejò kì í fẹ́ gbóòórùn wọn rárá. Bá a ṣe ń ṣe é nílé wa nìyẹn.

Délé_Ìkòròdú:
Òjò ìrọ̀lẹ́ kan péré ló máa fọ iyọ̀ yẹn lọ ẹ̀gbọ́n. Ẹ gbin koríko ọba yí ilé ká, kẹ́ ẹ wá ológbò.

ỌmọỌdẹ_Ìsẹ́yìn:
Ìyá Ìrètí, ẹ kú ìpayà o, ẹ sì kú oríire pé ẹ sá. Ohun tẹ́ ẹ rí yẹn ṣèbé ni, irú èyí tó máa ń tutọ́ oró sí èèyàn lójú, dídúdú ara ẹ̀ pẹ̀lú pupa abẹ́ ọrùn yẹn ló jẹ́ kó dá mi lójú. Inú oko ni wọ́n bí mi sí, ọdẹ ni bàbá mi, àwọn ni wọ́n kọ́ mi pé ká tó bi ara wa léèrè pé kí la máa fi lé ejò, ká kọ́kọ́ bi ara wa pé kí ló wá ṣe.

Oúnjẹ ló ń wá. Ṣèbé ń jẹ eku, ó ń jẹ ọ̀pọ̀lọ́, ó ń jẹ alángbá, ó ń jẹ ẹyin adìyẹ àti òròmọdìyẹ, ó ń jẹ ejò míì pàápàá. Ẹ̀yin fúnra yín ti sọ pé ọ̀pọ̀lọ́ ń ké mọ́jú lẹ́yìnkùlé yín, ọ̀dọ̀ wọn ló ń bọ̀. Òjò ti kún ihò tó ń gbé tẹ́lẹ̀, ó ń wá ibi gbígbẹ tó ṣókùnkùn, ihò inú búlọ́ọ̀kù yín sì gbẹ ó sì ṣókùnkùn. Tí ẹ bá pa eléyìí tẹ́ ẹ fi ọ̀pọ̀lọ́ àti eku àti búlọ́ọ̀kù sílẹ̀, òmíì á wá gbapò ẹ̀. Àtọjọ́ tí mo ti dáyé mi ò tíì rí ibi tí pípa nìkan ti tán ọ̀rọ̀ ejò. Ẹ sì má rò pé tójò bá dá ó ti parí o, ìgbà ọyẹ́ táwọn èèyàn bá ń finá sun igbó, gbogbo ohun tó ń gbénú igbó yẹn ló máa sá wá síbi tí kò jó.

Búlọ́ọ̀kù yẹn gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀, àmọ́ ẹ má fọwọ́ kó o o! Ẹ wá ọkùnrin tó láyà, kó wọ bàtà òjò gígùn àti ṣòkòtò tó nípọn, kó fi gíláàsì bojú nítorí itọ́, kó wá fi ṣọ́bìrì tàbí igi gígùn máa yí i lọ́kọ̀ọ̀kan lójú ọ̀sán. Kó má dúró sí ẹ̀gbẹ́ tí ejò lè gbà jáde. Tó bá jáde, ẹ jẹ́ kó lọ. Ó lè tutọ́ yẹn jìnnà, ó lè tó mítà méjì sí mẹ́ta, ojú ló sì máa ń fojú sùn. Ọ̀pọ̀ àwọn tí mo mọ̀ tí ejò bù jẹ, níbi tí wọ́n ti ń lé e kiri pẹ̀lú àdá ló ti bù wọ́n jẹ. Tẹ́ ẹ bá sì pa á, ẹ má fọwọ́ kan orí ẹ̀, orí tí wọ́n gé kúrò lọ́rùn ṣì lè bu èèyàn jẹ. Ẹ fi ṣọ́bìrì gbé e, ẹ gbẹ́ ilẹ̀ jìn kẹ́ ẹ sin ín.

Paramọ́lẹ̀ ní tiẹ̀ yàtọ̀. Ṣèbé tó bá gbúròó yín á fẹ́ sá lọ, àmọ́ paramọ́lẹ̀ kì í sá, ibi tó sùn sí lójú ọ̀nà ló máa wà títí ẹsẹ̀ ẹ á fi gun orí ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń jáde lóru láìsí tọ́ọ̀ṣì àti bàtà tó bo ẹsẹ̀, kódà tó jẹ́ pé jẹnẹrétọ̀ ni mo fẹ́ lọ pa. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ilé yín mọ èyí.

Nọ́ọ̀sì_Abẹ́òkúta:
Ẹ ṣeun ẹ̀gbọ́n ỌmọỌdẹ. Ìyá Ìrètí, ẹ jọ̀ọ́ mo bẹ̀ yín lórúkọ Ọlọ́run, ẹ má da káfúrà káàkiri ilé tọ́mọ ọdún méjì wà. Wọ́n ti dán káfúrà àti imí ọjọ́ wò lára ejò lókè òkun, ejò kàn ń gba orí ẹ̀ kọjá ni. Ọmọ yín ló máa rí i, tó máa rò pé súùtì ni, tó máa jù ú sẹ́nu. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ni èròjà kan tí wọ́n ń pè ní G6PD kì í tó lára wọn, ìbí ni wọ́n ń bí i mọ́ wọn, ọ̀pọ̀ òbí ò sì mọ̀. Káfúrà máa ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ojú ọmọ á di yẹ́lò, ìtọ̀ á dúdú, ẹ̀jẹ̀ á gbẹ lára ẹ̀. Tó bá jẹ́ ọmọ tuntun jòjòló, ó lè bà á lọ́pọlọ jẹ́. Mo ti gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, kì í ṣe ìtàn tí mo gbọ́ lẹ́nu èèyàn.

Sniper ńkọ́? Májèlé gidi ni, èèyàn ló ń pa ju ejò lọ. Lọ́dún 2019 ni NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, fòfin de títa ìgò kéékèèké ẹ̀ káàkiri ọjà àti súpámákẹ́ẹ̀tì nítorí àwọn tó ń gbé e jẹ. Kẹrosíìnì tẹ́ ẹ bá dà sílẹ̀ máa bá òjò lọ sínú kànga yín, tí kò bá tiẹ̀ dá iná sílẹ̀. Kò sí ọ̀kankan nínú gbogbo ẹ̀ tó tó ilẹ̀kùn tó ti pa dáadáa.

Ní ti kí ejò bu èèyàn jẹ (ká má rí i o). Gbogbo yín ẹ kúrò níbi tí ejò wà, ẹ má bá a jà mọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹni náà jókòó tàbí kó dùbúlẹ̀, ẹ bá a sọ̀rọ̀ ìtùnú, kó má rìn, kó má sáré, torí bí iṣan ẹsẹ̀ bá ṣe ń ṣiṣẹ́ ni oró á ṣe máa yára wọ inú ara. Ẹ bọ́ òrùka, ẹ̀gbà, wọ́ọ̀ṣì, ìlẹ̀kẹ̀, bàtà kúrò kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wú, torí tó bá wú tán òrùka ló máa gé ìka. Ẹ wá igi tàbí páálí líle, ẹ fi ti ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ yẹn, ẹ fi aṣọ wé e kó má máa mì, àmọ́ kó má fún. Ẹ wo aago tó ṣẹlẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ fi báírò fàlà síbi tí wíwú ẹ̀ dé. Ó parí, ọsibítù ló kàn. Tó bá jẹ́ ọ̀kadà nìkan lẹ rí, kí ẹni tí ejò bù jẹ wà láàárín, kí ẹnì kan jókòó sẹ́yìn ẹ̀ kó dì í mú. Tó bá ń bì, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ òsì ẹ̀ tẹ́ ẹ.

Ẹ má fi okùn tàbí rọ́bà so ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ tó bù jẹ. Ẹ má fi bíléèdì sín in. Ẹ má fẹnu fa oró, ẹ má lẹ òkúta dúdú tí wọ́n ní ó ń fa oró mọ́ ọn, ẹ má fún un ní ògógóró tàbí kẹrosíìnì mu. Tó bá ń ro ó, parasítámọ̀ nìkan, ẹ má fún un ní aspirin tàbí ibuprofen, torí oró àwọn ejò kan kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, oògùn yẹn á wá tún dá kún un. Ẹ má sì máa wá bí ẹ ṣe máa gbé òkú ejò wá fún wa. Tẹ́ ẹ bá lè fi fóònù yà á láti òkèèrè, ó dáa, tẹ́ ò bá lè yà á, ẹ máa bọ̀ bẹ́ẹ̀.

EwéŃjẹ́:
Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì ẹ máa ń fojú tín-ín-rín iṣẹ́ àwọn baba wa. Bàbá àgbà mi ní Ìbàràpá, ẹni tí ejò bá bù jẹ ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n ń gbé wá, wọ́n á pọfọ̀, wọ́n á lo ewé, wọ́n á sín gbẹ́rẹ́, lọ́jọ́ kejì ẹni náà á dìde á lọ sóko ẹ̀. Mo fojú mi rí i. Ṣé ẹ máa ní irọ́ ni mo ń pa?

Nọ́ọ̀sì_Abẹ́òkúta:
Rárá o ẹ̀gbọ́n, mo gbà pé ẹ rí i. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ejò tí kò lóró pọ̀ nílẹ̀ wa. Èyí tó lóró gan-an, ìgbà míì wà tó máa bu èèyàn jẹ tí kò ní tu oró kankan sí i lára. Ẹni tí irú ìyẹn bá ṣẹlẹ̀ sí, bẹ́ ẹ fún un lágbo, bẹ́ ẹ fún un lómi tútù, á dìde lọ́jọ́ kejì. Wọ́n máa ń sọ ìtàn tiẹ̀ fún ọmọ àti ọmọọmọ. Ẹni tí oró wọ̀ lára ni kì í dìde, àwọn èèyàn á wá ní àkókò ẹ̀ ló tó. Mi ò bá oníṣègùn jà, wákàtí tó ń ṣòfò lọ́dọ̀ wọn ni mo ń bá jà. Kí bàbá pọfọ̀ sí i lórí nínú mọ́tò, mi ò ní dí wọn lọ́wọ́, àmọ́ kí mọ́tò máa lọ. Kí wọ́n má ṣáà sín gbẹ́rẹ́, torí tí ẹ̀jẹ̀ ò bá lè dì mọ́, ojú gbẹ́rẹ́ yẹn lẹ̀jẹ̀ á máa gbà dà tí kò ní dá.

ỌmọỌdẹ_Ìsẹ́yìn:
Ọ̀rọ̀ gidi lẹ sọ. Bàbá mi mọ ewé ejò, gbogbo ìlú ló mọ̀ wọ́n mọ́ ọn. Lọ́jọ́ tí paramọ́lẹ̀ bu àbúrò wọn jẹ, mọ́tò ni wọ́n kọ́kọ́ ní ká lọ wá.

Omidan_Oǹdó:
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, torí tí mo bá rí ọ̀rọ̀ báyìí inú mi kì í dùn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ṣa kòkó lóko, ẹ ṣáà mọ bí ewé kòkó gbígbẹ ṣe máa ń bo ilẹ̀ pátápátá, ọká ló sùn sínú ewé yẹn, àwọ̀ ara ẹ̀ àti àwọ̀ ewé gbígbẹ ò yàtọ̀ síra, wọ́n fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Àwọn tó wà lóko gé rọ́bà táyà kẹ̀kẹ́, wọ́n so ẹsẹ̀ yẹn lókè orúnkún, wọ́n so ó le koko, èrò wọn ni pé àwọn ò fẹ́ kí oró gòkè. Wọ́n gbé wọn kúrò lóko, wọ́n gbé wọn lọ sọ́dọ̀ bàbá kan, ibẹ̀ ni ilẹ̀ ṣú sí. Ọsibítù tá a kọ́kọ́ dé ní àwọn ò ní abẹ́rẹ́ ejò, a tún gbéra lọ sí òmíràn. Ẹ̀mí wọn ò bọ́ o, ọpẹ́ ni fún Olúwa, àmọ́ wọ́n gé ẹsẹ̀ yẹn. Dókítà sọ fún wa lójúkojú pé oró dá sí i, àmọ́ rọ́bà yẹn ló pa ẹsẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ò dé ìsàlẹ̀ mọ́ fún wákàtí púpọ̀, oró náà sì há síbì kan, ó ń jẹ ẹran ara.

Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n bí. Iṣẹ́ oko ni wọ́n fi ń tọ́ wọn. Ẹnikẹ́ni tó bá ka èyí kó sọ fún àwọn ará oko ẹ̀ pé kí wọ́n má so ó.

Nọ́ọ̀sì_Abẹ́òkúta:
Ẹ pẹ̀lẹ́ àbúrò mi, Ọlọ́run á tù wọ́n nínú. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. WHO, ìyẹn àjọ ìlera àgbáyé, sọ pé láàárín 81,000 sí 138,000 èèyàn ni ejò ń pa lọ́dọọdún káàkiri ayé, àwọn tó ń di aláàbọ̀ ara tàbí tí wọ́n ń gé lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀ sì tó ìlọ́po mẹ́ta ìyẹn. Àgbẹ̀ ló pọ̀ jù nínú wọn, àgbẹ̀ àti ọmọdé. Ọdún 2017 ni WHO tó wá kà á mọ́ àwọn àìsàn ilẹ̀ olóoru tí ayé ti pa tì, tí wọ́n sì wá sọ lọ́dún 2019 pé àwọn fẹ́ kí ikú àti àbùkù ara tó ń fà dín sí ìdajì kó tó di 2030. Àwọn tó ń kú ò lóhùn ni wọ́n fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Bíríkìlà_Àgbà:
Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ látàárọ̀. Iṣẹ́ ilé kíkọ́ ni mò ń ṣe, mo ti kọ́lé káàkiri Mọ́wẹ́ títí dé Ṣímawá, gbogbo agbègbè yẹn ejò wà níbẹ̀ torí igbó la ń ṣán ká tó kọ́lé. Ìyá Ìrètí, ẹ gba báírò.

Ilẹ̀kùn lẹ máa kọ́kọ́ wò. Ní alẹ́ ẹ pa iná inú ilé, kí ẹnì kan dúró síta kó tan tọ́ọ̀ṣì sí abẹ́ ilẹ̀kùn, ibi tẹ́ ẹ bá ti rí ìmọ́lẹ̀ ejò lè gbabẹ̀ wọlé. Ẹ ra rọ́bà abẹ́ ilẹ̀kùn kẹ́ ẹ kàn án mọ́ ọn, kò wọ́n. Ilẹ̀kùn kíṣìnnì ni kẹ́ ẹ mú le jù, torí òun làwọn obìnrin máa ń ṣí sílẹ̀ gbayawu tí wọ́n bá ń dáná. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ lọ wo ẹ̀yìn bafúrúùmù, píìpù tí omi ìwẹ̀ ń gbà jáde, púpọ̀ nínú wa la kàn ń jẹ́ kó yọ sí gọ́tà bẹ́ẹ̀, ẹ fi wáyà nẹ́ẹ̀tì bò ó lẹ́nu kẹ́ ẹ sì fi sìmẹ́ńtì mú un. Píìpù tó nàró lórí sókàwéè tó ń tú atẹ́gùn jáde, òun náà, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì wé e lórí. Ìdérí sókàwéè tó ti sán, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi sìmẹ́ńtì dí i. Ihò tí wáyà tàbí píìpù ẹ̀rọ amúlétutù gbà wọlé náà, ẹ dí i. Ihò ìsàlẹ̀ fẹ́ńsì tá a fi sílẹ̀ kí omi òjò lè jáde, ẹ má dí ìyẹn o, fẹ́ńsì á wó, nẹ́ẹ̀tì ni kẹ́ ẹ fi sí i. Tí ẹ̀ka igi bá kan òrùlé ẹ gé e, ejò mọ igi gùn.

Àwọn búlọ́ọ̀kù yẹn, tí ẹ bá ṣì fẹ́ lò wọ́n, ẹ kó wọn jìnnà sílé, ẹ tò wọ́n sórí pákó tó ga nílẹ̀ débi tẹ́ ẹ fi lè rí abẹ́ ẹ̀. Igi ìdáná bákan náà. Omi tó ń dúró lẹ́yìnkùlé yẹn, ẹ bu yẹ̀pẹ̀ pupa sí i kó ga, kẹ́ ẹ wá la ojú àgbàrá fún un. Ọjọ́ tí omi yẹn bá gbẹ ni ọ̀pọ̀lọ́ á lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò kíyè sí. Iná ẹnu ọ̀nà tẹ́ ẹ máa ń tàn mọ́jú, ó ń pe kòkòrò, kòkòrò ń pe ọ̀pọ̀lọ́ àti ọmọńlé, àwọn yẹn ń pe ejò wá sẹ́nu ọ̀nà yín gan-an. Mi ò ní kẹ́ ẹ jókòó sínú òkùnkùn o, ẹ gbé gílóòbù yẹn sára fẹ́ńsì kó máa tàn wá sọ́dọ̀ yín láti òkèèrè.

Délé_Ìkòròdú:
Bàbá Bíríkìlà ẹ kú iṣẹ́. Ológbò tí mo sọ ńkọ́? Ìyá mi ní ilé tó bá ní ológbò ejò kì í débẹ̀.

ỌmọỌdẹ_Ìsẹ́yìn:
Ológbò dáa nítorí eku, tí eku bá dín kù ejò á dín kù. Àmọ́ má gbọ́kàn lé e. Mo ti rí ológbò tó pa ejò, mo tún ti rí èyí tó gbé ejò láàyè wá sínú pálọ̀ láti wá fi han àwọn tó ni ín. Oúnjẹ ológbò tàbí tajá tó bá ṣẹ́kù sílẹ̀ mọ́jú, eku ló ń jẹ ẹ́. Ìrẹsì, àgbàdo, gàrí, ẹ da gbogbo ẹ̀ sínú ike tó ní ìdérí. Tẹ́ ẹ bá ń sin adìyẹ, ẹ gbé ilé wọn kúrò nílẹ̀, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì olójú wẹ́wẹ́ sí i, kẹ́ ẹ máa kó ẹyin lójoojúmọ́. Koríko ọba ní tiẹ̀, ẹ gbìn ín fún tíì mímu, àmọ́ tó bá ti gbin tó dí, abẹ́ ẹ̀ gan-an lejò máa sùn sí.

Ọmọ_Pọ́tónófò:
Ẹ kú ìjíròrò o. Ọ̀dọ̀ tiwa ní Bìnẹ̀ẹ̀, ní ìlú Ouidah, ilé òrìṣà kan wà tí wọ́n ti ń tọ́jú mọ́námọ́ná, òru wọ́n á jáde lọ wá eku jẹ nígboro, ilé tí wọ́n bá bá ọ̀kan lówùúrọ̀, wọ́n á rọra gbé e padà lọ síbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa pa á. Mi ò ní kẹ́ ẹ máa bọ ejò o. Ohun tí mò ń sọ ni pé mọ́námọ́ná ò lóró, ó ń ká jọ bí bọ́ọ̀lù tí ẹ̀rù bá bà á, eku ló sì ń jẹ. Ó ń dùn mí tí mo bá rí i pé wọ́n lù ú pa ní Badagry àti Ìdírókò tí wọ́n gbé fọ́tò ẹ̀ síta pé àwọn pa ejò olóró. Ẹ̀yin ni ẹ pa ẹni tó ń bá yín pa eku.

ÌyáÌrètí_Ọ̀fadà:
Ẹ ṣeun ṣeun gbogbo yín, mi ò mọ bí mo ṣe máa dúpẹ́. Omidan Oǹdó, mo sunkún nígbà tí mo ka tiyín, ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n yín. Ọkọ mi ti pe ẹni tó máa wá kó búlọ́ọ̀kù yẹn, mo ti ní kó mú gíláàsì dání. Mo ṣì ní ìbéèrè díẹ̀. Ìyá ọkọ mi máa ń sùn sórí ẹní nílẹ̀ nítorí ooru, ṣé ewu wà níbẹ̀? Àti tọ́ílẹ́ẹ̀tì, ṣé òótọ́ ni pé ejò ń gba ibẹ̀ jáde? Tó bá sì tutọ́ síni lójú ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì_Abẹ́òkúta:
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbé mọ́mì kúrò nílẹ̀ lónìí. Irú ṣèbé tẹ́ ẹ rí yẹn gan-an, wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ kó máa wọ yàrá lóru torí eku, tí ẹni tó sùn sílẹ̀ bá yí ara tàbí gbé ọwọ́ lé e, á bù ú jẹ lójú oorun. Bẹ́ẹ̀dì tó ga, kẹ́ ẹ fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn bò ó, kẹ́ ẹ ki etí nẹ́ẹ̀tì yẹn bọ abẹ́ fóòmù yíká. Nẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ gbà ní ọsibítù lọ́fẹ̀ẹ́ yẹn náà ni o, ó ń dí ẹ̀fọn, ó ń dí ejò. Kí ọmọ náà sùn sínú ẹ̀.

Tọ́ílẹ́ẹ̀tì, òótọ́ ni, kì í ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ àmọ́ ó ti ṣẹlẹ̀. Lọ́dún 2021 ni ìròyìn gbé e pé ejò bu obìnrin kan tó jẹ́ ọmọ ogun ojú òfúrufú jẹ ní tọ́ílẹ́ẹ̀tì ní Àbújá, ó sì gba ibẹ̀ kú. Ẹ máa pa ìdérí ẹ̀ dé, ẹ tan iná kẹ́ ẹ wò ó kẹ́ ẹ tó jókòó, kẹ́ ẹ sì ṣe ohun tí bàbá Bíríkìlà sọ nípa sókàwéè.

Tó bá tutọ́ síni lójú, má fọwọ́ ra á. Omi tó mọ́, omi púpọ̀, ẹ máa dà á sójú yẹn kó máa ṣàn jáde fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, ẹ ṣí ìpéǹpéjú ẹ̀, á máa ké, ẹ má gbọ́ igbe ẹ̀. Tí omi ò bá sí nítòsí, mílíìkì dáa. Ẹ má fi omi ewé sí i, ẹ má fi ìtọ̀ sí i. Ẹ wá gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú, torí tí ojú bá ti bó tí kò rí ìtọ́jú, ó lè fọ́.

Ṣọjí_Ṣágámù:
Mo ti gbọ́ ti káfúrà àti kẹrosíìnì, mo máa kó tiwa kúrò nílẹ̀, àbúrò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Àmọ́ nọ́ọ̀sì, ṣé a ò lè ra abẹ́rẹ́ ejò yẹn ká fi sínú fíríìjì nílé? Ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù tiwa lówó lọ́wọ́.

Nọ́ọ̀sì_Abẹ́òkúta:
Ìbéèrè tó dáa ni bọ̀dá, àmọ́ rárá. Abẹ́rẹ́ yẹn, tí wọ́n ń pè ní antivenom, inú ẹ̀jẹ̀ ẹṣin tàbí àgùntàn ni wọ́n ti ń mú un jáde, ara àwọn kan máa ń kọ̀ ọ́, ọ̀nà ọ̀fun á fún, ìfúnpá á já wálẹ̀, ẹ̀mí lè bọ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí dókítà ò bá sí níbẹ̀ pẹ̀lú oògùn tó máa fi gbà á. Inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń fi sí, kẹ́míìsì ò gbọ́dọ̀ gún un. Ìgò kan lè má tó. Púpọ̀ nínú irú ẹ̀ ni wọ́n tún gbọ́dọ̀ máa gbé sínú òtútù tó wà láàárín 2 sí 8 lórí ìwọ̀n Celsius, ẹ̀yin náà sì mọ bí iná wa ṣe rí.

Kì í sì ṣe ejò gbogbo lọ̀kan ń wo. EchiTAb-Plus tí wọ́n ń ṣe fún wa ní Costa Rica, oró ejò mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe é, paramọ́lẹ̀, ṣèbé tó ń tutọ́, àti ejò kékeré kan tó ń ṣọṣẹ́ gan-an ní ilẹ̀ Haúsá. Èyí tó ń jẹ́ EchiTAbG, ti ejò ilẹ̀ Haúsá yẹn nìkan ni. Àwọn kan wà lọ́jà tó jẹ́ pé ejò Íńdíà ni wọ́n fi ṣe é, kò mọ ejò tiwa. Dókítà ló máa wò ó. Tí wọn ò bá mọ ejò tó jẹ́, wọ́n lè fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sínú ìgò kékeré tó mọ́ tó sì gbẹ, wọ́n á gbé e sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20, tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tó bá ṣì ń ṣàn bí omi, a jẹ́ pé oró ejò tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, bíi ti ejò kékeré ilẹ̀ Haúsá yẹn, ti wọ ẹ̀jẹ̀. Tó bá jẹ́ irú ejò tó ń mú iṣan rọ, tí ìpéǹpéjú ń já wálẹ̀ tí itọ́ ń ṣòro gbé mì, ẹ̀rọ tó ń báni mí lè gbà á là bí abẹ́rẹ́ ò bá tiẹ̀ sí.

Owó tí ẹgbẹ́ yín ní, ẹ fi ṣe nǹkan míì. Ẹ rán ẹnì kan lọ sí gbogbo ọsibítù ìjọba tó sún mọ́ yín lọ́sẹ̀ yìí, kó bi wọ́n lójúkojú pé ṣé antivenom wà nílẹ̀, irú wo ni, ṣé dókítà wà lóru. Ẹ kọ èsì ẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù wọn sára ògiri níbi tí gbogbo ará àdúgbò ti lè rí i, kẹ́ ẹ sì máa tún un bi wọ́n ní gbogbo ìgbà tí òjò bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú onímọ́tò méjì tí wọ́n ṣe tán láti dìde lóru. Èyí tó bá ṣẹ́kù, ẹ fi san owó ẹni tó máa ṣán igbó àwọn ilẹ̀ tí onílẹ̀ ò sí nílùú, kẹ́ ẹ wá fi bíìlì ránṣẹ́ sí wọn.

ÌyáÌrètí_Ọ̀fadà:
Mo ti ya ọ̀rọ̀ yìí, mo ti gbé e sórí WhatsApp àdúgbò wa. Alága ní àwọn á sọ ọ́ ní mítíìnì ọjọ́ Sátidé, ẹni tó ni ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ wa sì ti dáhùn láti lọ́ńdọ̀n pé ká ṣán an, òun á san án.

Bíríkìlà_Àgbà:
Kí wọ́n tó ṣán an, ẹ ti gbogbo ilẹ̀kùn yín o, ẹ kó ọmọ wọlé, torí ibi tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣán ni wọ́n á ti máa lé ohun tó wà níbẹ̀ síwájú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ilé yín, kí wọ́n máa ṣán an lọ sí ọ̀nà igbó. Kí wọ́n sì má finá sun ún.